Wọ́n lu ilé tí mò ń gbé ní gbàǹjo: ṣé dandan ni kí n kó jáde?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà pẹ̀lú àwọn ìbejì mi. Mo rẹ́ǹtì ilé kan lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ìwé àdéhùn wa kò sì ní í parí títí di ìparí oṣù keje ọdún tó ń bọ̀. Mo san dọ́là 1,800 fún un gẹ́gẹ́ bí owó ìdúró (security deposit), n kò sì jẹ ẹ́ lówó ilé rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bá ìwé kan lára ilẹ̀kùn mi: wọ́n ní wọ́n ti lu ilé náà ní gbàǹjo nítorí pé onílé kò san gbèsè báńkì, pé ilé-iṣẹ́ kan ló rà á, kí n kó jáde láàárín ọjọ́ 3. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan wá, ó ní òun á fún mi ní dọ́là 1,500 tí mo bá tètè lọ. Onílé mi wà ní Nàìjíríà; ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa, kí n máa fi owó òun ránṣẹ́ bí mo ṣe ń ṣe. Mo tiẹ̀ ti san ti oṣù yìí fún un kí n tó rí ìwé náà. Kí ni kí n ṣe? Èmi ni Ìyá Ìbejì, Houston.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ má tíì di ẹrù kankan. Ọjọ́ 3 tí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn kò bá òfin mu. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí ẹ ṣe sọ ọ́, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ilé náà títí àdéhùn yín á fi parí ní oṣù keje. Bó bá tiẹ̀ burú dé ibi tó lè burú dé, ọjọ́ 90 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín. Ilé ló pààrọ̀ ọwọ́, àdéhùn yín kò bá a lọ.

Mo mọ̀ pé ohun tó kọ́kọ́ ń dùn yín ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín. Ní Texas, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Bí onílé kò bá san gbèsè tó fi ra ilé, báńkì kò nílò láti gbé e lọ sí kóòtù kó tó tà á. Yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí onígbèsè, yóò lẹ ọ̀kan mọ́ ilé ẹjọ́ káúńtì, yóò fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé káúńtì, ó kéré tán ọjọ́ 21 ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ní Tuesday àkọ́kọ́ nínú oṣù, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á lù ú ní gbàǹjo. Ayálégbé kò sí lára àwọn tí òfin ní kí wọ́n kọ̀wé sí. Onígbèsè, ìyẹn onílé yín, ló gba ìwé; ó wà ní Nàìjíríà, ó sì dákẹ́.

Òfin tó wà lẹ́yìn yín ni wọ́n ń pè ní Protecting Tenants at Foreclosure Act. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni, kò sí ìpínlẹ̀ tí kò dé. Kí wọ́n tó ṣe é, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni pé gbèsè báńkì ti wà lórí ilé kí ayálégbé tó wọlé, nítorí náà bí báńkì bá gbẹ́sẹ̀ lé ilé, gbogbo ẹ̀tọ́ tó wá lẹ́yìn gbèsè náà á pa rẹ́, àdéhùn ayálégbé sì wà lára wọn. Nígbà tí ọjà ilé dojú dé ní 2008, àwọn tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ń bá ẹrù wọn níta nítorí gbèsè tí wọn kò mọ̀dí. Ìyẹn ló mú kí àwọn aṣòfin dìde, Ààrẹ Obama sì fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún 2009.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun kan sọ́kàn nípa rẹ̀, torí wọ́n lè fi dẹ́rù bà yín. Òfin náà ní ọjọ́ ìparí nígbà yẹn, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí 2014. Ẹ ṣì lè rí ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ pé kò sí mọ́. Ó wà. Wọ́n dá a padà nínú òfin mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2018, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún náà, wọn kò sì fún un ní ọjọ́ ìparí mọ́.

Ẹni tó bá gba ilé láti ibi gbàǹjo, ìbáà jẹ́ báńkì fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tó fowó rà á, ó ti bọ́ sípò onílé àtijọ́. Bí ayálégbé bá ti ní àdéhùn kí ilé tó kúrò lọ́wọ́ onílé, olùrà gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbé e parí. Bó bá jẹ́ oṣù dé oṣù ló ń gbé e, tàbí tí kò sí àdéhùn kankan lórí ìwé, tàbí tí àdéhùn kù díẹ̀ kó parí, olùrà gbọ́dọ̀ kọ ìwé sí i pé kó lọ, kó sì fún un ní ọjọ́ 90 ó kéré tán. Ìwé tí wọ́n bá kọ kí ilé tó di tiwọn kò já mọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ tí òfin ń wò náà sì ṣe pàtàkì: ọjọ́ tí ilé di ti ẹlòmíì pátápátá ni. Bí onílé yín bá ti ń jẹ báńkì ní gbèsè fún ọdún kan kó tó fún yín nílé, tó mọ̀, tí kò sọ, àdéhùn yín ṣì lágbára, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tà á.

Àwọn tí òfin yìí ń gbà là ni ó pè ní ayálégbé tòótọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àwa ará ilé máa ń díjú sí. Lákọ̀ọ́kọ́, ayálégbé kò gbọdọ̀ jẹ́ onígbèsè fúnra rẹ̀, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí òbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àdéhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹni méjì tí kò bára tan máa ń ṣe, tí kálukú ń wá ire ara rẹ̀. Owó ilé náà kò sì gbọdọ̀ kéré jọjọ sí iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ ládùúgbò, àfi tó bá jẹ́ pé ìjọba ló ń san apá kan, bíi ti Section 8. (Ẹni tó wà lórí Section 8 tilẹ̀ ní ààbò kún un: olùrà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àdéhùn ilé náà àti àdéhùn tó wà láàárín onílé àti ọ́fíìsì tó ń sanwó.)

Ẹ ò rí i pé òfin kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìbátan tàbí ará ìlú ẹni. Àmọ́ bí ilé tí wọ́n ń gbà ní dọ́là 2,000 ládùúgbò bá jẹ́ dọ́là 700 lọ́wọ́ yín nítorí pé ìyá yín àti ìyá onílé jọ ń ná ọjà kan náà, tí kò sí ìwé, tí ẹ sì ń kó owó lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn, lọ́yà olùrà á sọ fún adájọ́ pé àánú ni wọ́n fi ṣe yín, pé kì í ṣe ilé yíyá. Mo ń sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá ń kà á: a máa ń ro pé bíbéèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tiwa dà bí àìfọkàntánni. Ẹ béèrè. Bí kò bá sí rìsíìtì, àwòrán owó tí ẹ fi Zelle (áàpù ìfowóránṣẹ́) san, ìyókù ìwé money order tó kù lọ́wọ́ yín, bíìlì iná tó ní orúkọ yín àti àdírẹ́sì náà, lẹ́tà ilé-ìwé ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ́rìí. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin ní ìwé àdéhùn, ẹ sì ń sanwó déédéé. Bí iye tí ẹ ń san bá bá ti àdúgbò mu, ẹsẹ̀ yín dúró. Òfin náà kò sì béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí tirẹ̀ kò tíì jáde kò pàdánù ọjọ́ 90 rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ìhà kan ṣoṣo ló lè gba oṣù keje lọ́wọ́ yín: bí ẹni tó ra ilé bá fẹ́ fi ṣe ibùgbé ara rẹ̀ gan-an, ó lè fòpin sí àdéhùn kó tó parí, ṣùgbọ́n ó ṣì gbọ́dọ̀ fún yín ní ọjọ́ 90. Ilé-iṣẹ́ ló ra tiyín, ilé-iṣẹ́ kò sì lè sọ pé òun fẹ́ wá máa sùn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni báńkì kò lè sọ ọ́. Àmọ́ n kò ní fi apá kan pamọ́ fún yín: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ilé ní gbàǹjo, títà ni wọ́n tún fẹ́ tà á. Bí wọ́n bá tà á fún tọkọtaya kan tó fẹ́ gbébẹ̀ ní oṣù kejìlá, ọjọ́ 90 lẹ ó gbà, kì í ṣe oṣù keje. Ẹ máa fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń pète.

Ọ̀rọ̀ owó ilé ló ń ba ẹjọ́ àwọn ayálégbé jẹ́ jù. Inú á bí wọn, wọ́n á ní, "Ta ni mo fẹ́ san án fún?", wọ́n á dá a dúró, wọ́n á ná an. Níbẹ̀ ni olùrà ti rí ohun tó ń wá: kò nílò gbàǹjo mọ́ láti lé wọn, gbèsè owó ilé ti tó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí ilé ti di ti ẹlòmíì, onílé àtijọ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí kọ́bọ̀ mọ́, bó ti wù kó pè yín ní àbúrò tó lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn kó owó fún ọkùnrin tó wá kan ilẹ̀kùn. Àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń wo àkọsílẹ̀ gbàǹjo, wọ́n á wá pe ara wọn ní onílé tuntun.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí. Bó bá jẹ́ Harris County ni ilé náà wà, ẹ wọ orí ìkànnì akọ̀wé káúńtì, ẹ wá ìwé ilẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ onílé yín sí. Ìwé tí ẹ ń wá ni Substitute Trustee's Deed. Ó máa ń sọ ọjọ́ tí wọ́n tà á, orúkọ ẹni tó rà á àti iye tó san. Ìkànnì HCAD, ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé fún owó orí, náà máa ń gbé orúkọ onílé jáde, àmọ́ ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó yí i padà, nítorí náà ìwé akọ̀wé káúńtì ni kí ẹ gbára lé. Bí orúkọ inú ìwé yẹn bá bá ti ìwé ara ilẹ̀kùn yín mu, ẹ mọ ẹni tí ẹ ó sanwó fún. Bí kò bá tíì jáde, ẹ ya owó oṣù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ti oṣù tí ẹ ti san fún ẹni Nàìjíríà, ẹ ya àwòrán Zelle náà pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé ẹ san án kí ẹ tó gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí onílé àtijọ́ pé kó dá a padà. Justice Court (kóòtù kékeré) ní Texas ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò bá ju dọ́là 20,000 lọ, bó bá di pé ẹ ń pè é lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà. Kò gbọdọ̀ gùn, kò sì gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yín àti àdírẹ́sì ilé. Ẹ sọ pé ẹ rí ìwé wọn ní ọjọ́ báyìí. Ẹ sọ pé ẹ jẹ́ ayálégbé tòótọ́ lábẹ́ òfin tí mo dárúkọ lókè, ẹ pe òfin náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sọ ọjọ́ tí àdéhùn yín bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, ẹ so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé àwọn ló ni ilé àti ibi tí ẹ ó máa san owó sí. Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú pé ẹ ṣe tán láti sanwó. Ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ certified mail pẹ̀lú return receipt (ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn), kí ẹ sì tọ́jú káàdì aláwọ̀ ewé tí ilé ìfìwéránṣẹ́ máa dá padà. Mo ti rí i tí lẹ́tà ojú ewé kan báyìí pa ẹnu ẹni tó ń halẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbára lé e pé ayálégbé kò mọ nǹkan kan.

Ọkùnrin oní-dọ́là 1,500 kò ṣẹ̀ sófin. Wọ́n gbà á láyè láti fi owó bẹ̀ yín kí ẹ lọ, ẹ̀yin náà sì lómìnira láti kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ṣírò ohun tí lílọ máa ná yín: owó ìdúró níbi tuntun, owó ilé oṣù àkọ́kọ́, ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn ọmọ tó lè ní láti pààrọ̀ ilé-ìwé láàárín ọdún. Dọ́là 1,500 kò kó ìdajì rẹ̀. Tó bá wù yín láti lọ, ẹ dá iye tiyín lé e, kí ẹ sì ní kí ọjọ́ lílọ jẹ́ èyí tó rọ̀ yín lọ́rùn. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé tí ẹ̀yin àti àwọn fọwọ́ sí, kí ìwé náà sọ pé owó ìdúró yín dá yàtọ̀ sí owó yìí, kí wọ́n sì kó owó lé yín lọ́wọ́ ní wákàtí tí ẹ bá kó kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Ẹ má fọwọ́ sí ohunkóhun lẹ́nu ọ̀nà.

Bí wọ́n bá yarí ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́ yín lórí, kò sẹ́ni tó lè já iná tàbí omi láti fi lé yín. Ní Texas, òṣìṣẹ́ òfin bíi kọ́ńsítébù ló lè kó ayálégbé jáde, lẹ́yìn ìdájọ́, pẹ̀lú ìwé àṣẹ kóòtù, yóò sì kọ́kọ́ lẹ ìkìlọ̀ wákàtí 24 mọ́ ilẹ̀kùn. Kí ó tó dé bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ pè yín sí Justice Court, sámáǹsì á sì tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí sámáǹsì bá dá, ẹ lọ. Mo tún un sọ, ẹ lọ, ẹ tètè dé. Òfin yìí kì í dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní 2013, nínú ẹjọ́ Logan àti U.S. Bank, pé òfin náà kò fún ayálégbé lágbára láti pe báńkì lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ tààrà. Ohun tó wà fún ni kí ayálégbé fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lé e. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀ láti sọ ọ́, adájọ́ á dá ẹjọ́ fún ẹni tó wá. Ẹ mú ìwé àdéhùn dání, ẹ̀rí owó tí ẹ ti san, ìwé ọjọ́ 3 wọn, lẹ́tà yín pẹ̀lú káàdì aláwọ̀ ewé. Bí adájọ́ bá béèrè pé kí lẹ fẹ́ sọ, ẹ sọ pé ẹ yá ilé náà kí wọ́n tó tà á, àdéhùn kò tíì parí, ẹ kò gba ìwé ọjọ́ 90, ẹ kò sì jẹ owó. Bí ìdájọ́ kò bá gbè yín, ọjọ́ 5 péré lẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nítorí náà ẹ má sùn lé e.

Ẹ tún wo ìhà mìíràn: ẹjọ́ ìlénijáde lè hàn fún ọdún 7 nínú ìwádìí tí àwọn onílé máa ń ṣe kí wọ́n tó fúnni nílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí lẹ́tà yín dé ọwọ́ wọn kí wọ́n tó gbé ẹjọ́ dìde rárá.

Owó ìdúró yín, dọ́là 1,800, kò tíì sọnù. Òfin Texas sọ pé bí ilé bá bọ́ lọ́wọ́ onílé kan, onílé tuntun ló máa dá owó ìdúró padà, yálà onílé àtijọ́ kó o fún un tàbí kò kó o. Onílé àtijọ́ náà kò bọ́ nínú rẹ̀ títí onílé tuntun á fi fún yín ní ìwé tó fọwọ́ sí, tó kọ iye owó náà síbẹ̀ pé ó ti dé ọwọ́ òun. Àyàfi kan wà níbẹ̀: bó bá jẹ́ báńkì tó yáni lówó ló gba ilé náà ní gbàǹjo, kò kàn án, ẹ̀yìn onílé àtijọ́ nìkan lẹ ó máa sá tẹ̀ lé. Tiyín sàn, nítorí ilé-iṣẹ́ tó rà á kì í ṣe ẹni tó yá a lówó. Ẹ kàn rí i dájú nínú ìwé káúńtì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó jáde, ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì tuntun yín lórí ìwé, wọ́n sì ní ọjọ́ 30 láti dá a padà. Bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì, adájọ́ lè ní kí wọ́n san dọ́là 100 pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n dì mú láìtọ́.

Fún àwọn tó wà níbòmíì: ọjọ́ 90 ni ìpìlẹ̀, ìpínlẹ̀ tàbí ìlú lè fi kún un, kò lè yọ nínú rẹ̀. Ní New Jersey, pé báńkì gbẹ́sẹ̀ lé ilé kì í ṣe ìdí tó tó láti lé ayálégbé. Ní Massachusetts, láti 2010, báńkì tó gba ilé kò lè lé ayálégbé láìnídìí tí òfin fọwọ́ sí. Chicago ṣe òfin tirẹ̀ ní 2013: ẹni tó gba ilé ní gbàǹjo gbọ́dọ̀ tún àdéhùn ṣe fún ayálégbé tàbí kó san dọ́là 10,600 fún un láti fi kó lọ. Ní Maryland, wọ́n máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí "gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé" kí gbàǹjo tó wáyé. Ẹ má jù ú nù pé orúkọ yín kò sí lára rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ pe Lone Star Legal Aid lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n wà ní Houston, ọ̀fẹ́ ni lọ́yà wọn fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, wọ́n sì mọ Justice Court dunjú. Ìkànnì texaslawhelp.org náà ní àwọn fọ́ọ̀mù tí ẹ lè lò fún ìdáhùn sí sámáǹsì. Ẹ kó gbogbo ìwé yín sínú fáìlì kan kí ẹ tó pè wọ́n, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á béèrè ni ọjọ́ tó wà lórí àdéhùn yín.